Wọ́n Fi Oríkì Mi Kọrin Lẹ́wọ̀n

Ẹ bá mi ké ògo! Ó kéré, ẹ tún un ké! Ìyá Rótìmí ló dìde yìí o, èmi tí mo máa ń sunkún lẹ́yìn ìsìn. Lónìí, ẹ̀rín ni mo bá wá. Olúwa, o ṣeun!

Ẹ rántí pé sójà wá mú Rótìmí ọmọ mi, tíṣà, torí ó ní kí ìjọba ológun kógbá sílé. Èmi àti bàbá rẹ̀ wá a káàkiri. Ọ̀gá sójà kan ní, "Bàbá, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ máa lọ sílé jàre." Bàbá Rótìmí gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn títí ó fi kú. Dókítà ní, "Màmá, ẹ yé ronú, kẹ́ ẹ má bàa bá bàbá lọ." Mo ní, "Dókítà, ẹ sọ fún mi pé ọmọ mi wà láàyè, màá yé ronú."

Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó sídìí àtẹ ìṣáná mi ní Ìkòtún, ọkùnrin kan tó gbẹ bí igi ń kọrin bọ̀:

"Ẹ bá wa kí Àjíkẹ́, ọmọ rẹ̀ ń bẹ láàyè,
Ẹ bá wa kí Àbẹ̀kẹ́, ọmọ rẹ̀ ń bẹ láàyè,
Ìbọn yín ò ran orin wa!"

Orí mi wú! Látìgbà tí bàbá Rótìmí ti kú, ta ló tún ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́? Mo figbe ta, "Èmi rèé o!"

"Ẹ̀yin lẹ bí tíṣà tó ní àpá lẹ́rẹ̀kẹ́?"

"Èmi ni!"

"Háà, Màmá! Àná ni mo bèèrè Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ oníṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yìí!"

Ìyá Bísí oníṣu ní, "Kí lèmi mọ̀? Ìyá Rótìmí lèmi ń pè é ṣá!"

Múfú lorúkọ ọkùnrin náà, ó ń lẹ táyà ní Ẹ̀gbẹ́dá, òun àti Rótìmí ni wọ́n jọ ṣẹ̀wọ̀n. Ó ní oríkì ìyá wọn ni wọ́n fi ń pe ara wọn nínú ẹ̀wọ̀n, kí sójà má bàa mọ ẹni tó ń lé orin. Ẹni tí wọ́n bá tú sílẹ̀, ó di dandan kó máa kọ orin náà káàkiri títí yóò fi rí àwọn ìyá náà. Wọ́dà kan gbé pàṣán: "Ẹ dákẹ́!" Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ìyá wa là ń kí. Àbí ẹ̀yin ò ní ìyá?" Wọ́dà gbé pàṣán rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Àwẹ̀ró ni tèmi. Ẹ fi sí i, àmọ́ ẹ yọ ti ìbọn kúrò." Wọ́n fi Àwẹ̀ró sí i. Wọn ò yọ ìbọn!

Mo jó! Láàárín ọjà, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lára, mo jó! Olúwa, o ṣeun! Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Rótìmí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Òun ló jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà yẹn. Ì bá ṣe pé bàbá rẹ̀ rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìṣòro, ẹ má dákẹ́ o. Ìyá Délé, Àjíkẹ́ tiwa, mo rí yín lẹ́yìn níbẹ̀. Délé ò tíì dé. Ṣùgbọ́n Rótìmí ní ohùn Délé ló ń lé orin lọ́jọ́ tóun jáde. Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sunkún. Gbogbo ìjọ, ẹ gba orin náà lẹ́nu mi kó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà:

Ẹ bá wa kí Àjíkẹ́…