Ilà Ojú Màmá Tí Wosilat Pa Rẹ́

Rárá o, Ìyá Bùkárì, ẹ má sọ pé kí n ṣe sùúrù, sùúrù ti tán lọ́wọ́ mi! Ojú ìyá mi ni Wosilat pa rẹ́ o, ìyá tó bí èmi, tó bí òun náà! Ṣebí ẹ̀yin náà dúró níwájú bánà tí wọ́n tẹ àwòrán Màmá sí yẹn lánàá níbi àdúà ọdún ikú rẹ̀, ẹ wò ó títí, ẹ wá ní, "Fulera, ará Èkó wo rèé?" Ẹ̀yin o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá a jẹ, tẹ́ ẹ bá a mu, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé yín níyàwó wọ agbo ilé yìí! Ṣé mo purọ́?

Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Bẹ́ ẹ bá lọ, ta ni mo tún fẹ́ bá sọ̀rọ̀? Àwọn ẹbí wa ará Èkó ti wọkọ̀ láàárọ̀, wọ́n ti kó kúlà wọn, ilé ti pa rọ́rọ́. Wosilat ní tiẹ̀ kò tilẹ̀ wá, ó ní owó ọkọ̀ ti ga jù láti ìgbà tí epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí. Bánà ló fi rán wọn.

Ẹ kúkú mọ̀ pé Màmá kì í ya fọ́tò. Bí wọ́n bá gbé kámẹ́rà jáde báyìí, ìborùn ti bo ojú nìyẹn! Nígbà tó wá kú, kí la rí gbé wò? Èmi ni mo jókòó ti fóònù mi, mo fi ìka yà á. Ibi ìyàwòrán kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó kàn ṣí i ni, kò gbà ju dátà lọ, ènìyàn méjì á sì jọ wà lórí ojú ewé kan ṣoṣo. Èmi á wà ní Ọ̀mù-Àrán níbí, Wosilat á wà l'Ékòó, bí mo ṣe ń fa ìlà ló ń rí i, orúkọ tiẹ̀ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó lè má sọ nǹkan kan o, àmọ́ mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni, tí mo bá ti kírun mọ̀gàríbì tán.

Àdéhùn wa ni pé èmi á fa ìlà, òun á kun ún. Ojú ewé náà pín sí ewé méjì tó lé ara wọn: ìlà mi wà lórí ewé òkè, àwọ̀ tiẹ̀ wà lórí ewé ìsàlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan tèmi. Mo fa imú Màmá, mo fa ìborùn bó ṣe máa ń jù ú séjìká kan. Mo wá dé orí ilà ojú rẹ̀, mo fà á, mo pa á rẹ́, mo tún un fà, àfi ìgbà tí omi bọ́ lójú mi, torí òun gan-an ló ń wò mí yẹn.

Ni Wosilat bá ní àwọ̀ kò wọ àárín ilà yẹn dáadáa. Ẹ gbọ́ o! Ó tẹ àmì garawa, àwọ̀ dà bo gbogbo ojú, àárín ilà wá ṣẹ́ kù ní funfun, ló bá gbé irésà, ó bọ́ sórí ewé tèmi, ó nu gbogbo rẹ̀ nù! Ó ní òun rò pé ìka mi ló gbọ̀n. Ìka gbọ̀n! Ilà tí wọ́n fi abẹ kọ sójú ọmọ ènìyàn! Ó tún wá kun ún ní pupa bí ẹni tó ń bóra, Màmá tó dú bí kóró iṣin. Ó da ewé méjèèjì pọ̀, ó gbé e fún àwọn tó ń tẹ bánà. Mo wá ìlà mi títí, kò sí mọ́.

Mo bú u lórí fóònù lánàá, n kò parọ́. Mo ní, "Ṣé o kò mọ ìyá rẹ ni?" Ó ní, "Àǹtí mi, n kò rántí pé Màmá kọlà." Ó sì pa fóònù.

Háà, Ìyá Bùkárì! Ọmọ tí wọ́n mú lọ Èkó kí eyín rẹ̀ tó pé! Ohùn Màmá ló mọ̀, ohùn inú fóònù. Ọjọ́ tí Màmá sì kú, àwa kì í fi òkú pamọ́, kó tó wọkọ̀ dé a ti sin ín, ilẹ̀ lásán ló bá. Ta wá ni kí n bínú sí? Ṣùgbọ́n inú ń bí mi! Ojú lọ̀rọ̀ wà, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ èmi àti Wosilat fi jẹ́ ti inú fóònù?

Ẹ ní kí n tún un yà. Ṣé n kò gbìyànjú ni? Àárọ̀ ni mo ti ṣí ewé òfìfo. Mo fa ìlà kan, mo wo ẹ̀gbẹ́, orúkọ tèmi nìkan ló wà níbẹ̀. Nínú ọmọ tí Màmá bí, èmi nìkan ló mọ ojú yẹn. Tí mo bá kú ńkọ́?

Ẹ gbé fóònù yín, ẹ bá mi pe Wosilat, kò gbé tèmi mọ́. Ẹ má sọ pé mo sunkún o! Ẹ ní mo ṣì ń bínú, wàláhì, mo ṣì ń bínú. Ẹ ṣáà ní kó wọlé sórí ewé yẹn. Kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, kó má kun nǹkan kan. Kó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ yọ níbẹ̀, kó máa wò bí mo ṣe ń fa ojú ìyá rẹ̀.