Ọmọdé Kọ́kọ́ Sùn sábẹ́ Páànù

Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn ni. Mo jókòó sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan l'Ọ́jà'ba, mò ń dúró kó kàn mí, nígbà tí mọ́gàjí kan tí wọ́n ń fá lórí lọ́wọ́ rí ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń kọjá.

"Dúró níbẹ̀! Ṣé o fẹ́ sọ mí di ẹlẹ́yà ládùúgbò wa l'Árẹ̀mọ ni? Koríko ni mo fi bolé. Koríko ni bàbá tó bí mi fi bolé. Ọmọ ọdún márùn-ún wá ń sùn sábẹ́ páànù!"

"Ẹ má bínú, bàbá. Garawa kẹrosíìnì tó ti jò ni mo lù pẹlẹbẹ, mo kàn án mọ́ pákó àpótí. Kì í ṣe ilé, ọkọ̀ ni. Ọmọ mi obìnrin ló ní òun fẹ́ lọ sínú òṣùpá."

"Òṣùpá!"

"Bí ọkọ̀ bá lè ti Èkó dé ibí láìsí ẹṣin tó ń fà á, ta ló mọ ibi tí yóò dé lọ́la?"

"Ohun tó bá ti lórùlé, tó nílẹ̀kùn, ilé ni! Òrùlé páànù kì í ti ọ̀dọ̀ ọmọdé bẹ̀rẹ̀ ní agbo ilé tó ní mọ́gàjí!"

Onígbàjámọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má mirí mọ́, nítorí abẹ. Bàbá ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó ní òun ń lọ tú u nísinsìnyí.

"Ta ló ní kí o tú u?" Mọ́gàjí tún jágbe. "Ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kí o lọ fẹ̀ sí i! Èjìká mi há síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, ọmọ yẹn ló tì mí jáde!"