Ohun Tí Àfúsá Fún Usamah Mu

Ọ̀rọ̀ tí Àfúsá fi pamọ́ fún ọdún méjì, ojú gbogbo obìnrin àsàlàátù Kemta ló ti sọ ọ́ ní ọjọ́ Sunday kan, nígbà tí wọ́n parí àdúà tí oníkálukú ti ń wá bàtà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jókòó. Ó ní, "Òótọ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí n kò lè gbé mọ́. Ẹni tí mo fi bò ó mọ́lẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Òun ló ní kí n wá sọ ọ́ níbí." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ojú rẹ̀ sì gbẹ. Àwọn kan rò pé ó fẹ́ kéde nǹkan ẹgbẹ́ ni.

Àfúsá ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Aṣọ àdìrẹ ló ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lójúde ilé bàbá rẹ̀ ní Kemta. Ọmọ márùn-ún ló bí, gbogbo àdúgbò ló sì gbà pé ó mọ ọmọ í tọ́. Bí ọmọ bá ń ké tí kò dákẹ́, òun ni wọ́n máa ń gbé e wá fún. Ìdí nìyí tí Láwàlì ọmọ rẹ̀ àti Aishat ìyàwó Láwàlì kò fi rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbé Usamah, àkọ́bí wọn, tọ̀ ọ́ wá nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì. Adigbe ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n Èkó ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ á sì ti sùn kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ní kí ó máa wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà láti ọjọ́ Sunday títí di Friday. "Màmá, tó bá ti jẹ́ ẹ̀yin, ọkàn wa balẹ̀," ni Aishat wí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dára. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Usamah yí padà. Bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀kọ nínú ife búlúù, pupa ló fẹ́. Bí wọ́n bá gbé pupa wá, á dà á nù, á ju ara rẹ̀ sílẹ̀, á máa fi orí gbálẹ̀, á máa pe ìyá rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ á fi há. Kò sí ohun tí ènìyàn rí tó fà á. Bó bá sì sùn, kò ní pẹ́ tí á tún fi jí gìrì pẹ̀lú igbe. Àfúsá pọ̀n ọ́n, ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó kéwú sí i létí, ó nà án, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Síbẹ̀, bí Aishat bá pè láti Èkó, tó béèrè pé, "Ṣé kò yọ yín lẹ́nu, Màmá?" èsì kan náà ni: "Ó wà dáadáa. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni." Ká ní ó sọ lọ́jọ́ kan péré pé ó rẹ òun ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Kò sọ ọ́. Ta ló máa gbọ́ pé ọmọ ọdún méjì borí Àfúsá?

Àárọ̀ nìkan ló máa ń ráyè mí, nígbà tí ó bá gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ Christianah, ọmọbìnrin kan tó ń bá àwọn ìyá tọ́jú ọmọ nínú yàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Àfúsá. Christianah ti sọ fún un pé, "Màmá, àárò ìyá rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n máa wá wò ó láàárín ọ̀sẹ̀." Inú bí Àfúsá. Ẹni tí òun lè bí ló fẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ.

Ó lọ ra oògùn kátà olómi ní kẹ́míìsì. Usamah kò ní kátà. Ẹni tó tà á kìlọ̀ fún un pé, "Díẹ̀ ni o, Ìyá Láwàlì. Ó máa ń kun ọmọ lóorun." Ohun tó fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ó fún un, ọmọ sùn fọnfọn, òun náà sùn. Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ kò mú un mọ́, ó fi kún un. Àwọn aládùúgbò ní, "Ẹ wo bí ọmọ náà ṣe rọlẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà!" Ó gba ìyìn náà.

Lọ́jọ́ Wednesday kan, àwọn oníbàárà wá láti Ṣagámù. Ó ti fún Usamah ní oògùn láàárọ̀ kó tó gbé e lọ sọ́dọ̀ Christianah. Nígbà tó di ọ̀sán, Christianah gbé e padà wá, ó ní, "Màmá, ọmọ yìí ń tòògbé láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù." Àfúsá ní kò sí nǹkan kan. Bí Usamah ṣe fojú kan àwọn àlejò, ó bú sẹ́kún, ó ń yíràá láàárín aṣọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ta wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọmọ yìí mà le o." Ojú ti Àfúsá. Ó gbé e wọ yàrá, ó fún un lẹ́ẹ̀kejì, kò fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Ó padà síta, ó ń bá aṣọ títà lọ.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alaasari, ó lọ jí i. Kò jí. Ó mì ín, ó wọ́n omi sí i lójú. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, díẹ̀díẹ̀ ló ń mí. Mọ́nsúrù, awakọ̀ tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, ló fi mọ́tò gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ní, "Màmá, kí lẹ fún un? N kò ní bá yín jà. Ohun tí ẹ bá sọ la máa fi mọ bá a ṣe máa tọ́jú ẹ̀." Àfúsá ní, "Mi ò fún un ní nǹkan kan." Dókítà tún bi í. Ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgò oògùn náà wà nínú báàgì tó gbé há abíyá. Ọmọ ń kú lọ lójú rẹ̀, orúkọ rere ló ń dì mú. Nígbà tí ó sọ ọ́ dé ibí yìí níwájú àwọn obìnrin àsàlàátù, ó ní, "Kì í ṣe oògùn yẹn ló burú jù. Ẹnu tí mo pa mọ́ yẹn ni."

Láwàlì sáré dé láti Èkó nírọ̀lẹ́. Dókítà sọ fún un pé ó jọ pé oògùn tó ń kunni lóorun ni wọ́n fún ọmọ náà, ó wá bi ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, ibo ló dé lónìí?" Àfúsá ní, "Ọ̀dọ̀ Christianah ló wà láàárọ̀." Ìyẹn nìkan ló sọ. Ó gbé orúkọ náà kalẹ̀, ó wo ibòmíràn. Usamah lajú lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n Láwàlì ti lọ bá Christianah lójú àwọn ìyá tó wá gbọ́mọ, ó ń pariwo pé, "Kí lo fún ọmọ mi mu kó lè sùn?" Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí àwọn ìyá náà fi kó gbogbo ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Christianah wá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Àfúsá: "Màmá, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń rí mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn." Àfúsá ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ọlọ́hun ló mọ̀." Lóṣù náà ni Christianah kó kúrò ní Kemta.

Aishat fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń tọ́ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àfúsá ń kírun, ó ń tajà, ó ń jẹun, kò sí èyí tó mọ̀ lára. Wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omijé kò jáde. Ọdún méjì lọ báyẹn, títí Aishat fi bí obìnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó gbé ọmọ náà sórí ẹsẹ̀ Àfúsá, ó ní, "Màmá, mo ti ríṣẹ́ míì. Ẹ̀yin náà lẹ máa bá mi tọ́ eléyìí. Lọ́tẹ̀ yìí, a ò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn yín." Àfúsá wo ọmọ náà. Apá rẹ̀ kọ̀, kò lè gbé e mọ́ra.

Ó wá Christianah lọ sí Láfẹ́nwá, níbi tó ti ń rán aṣọ ilé-ìwé. Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Christianah kò pariwo. Ó ní, "Ṣé inú yàrá ni wọ́n ti bú mi ni, Màmá? Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí àwọn ìyá ọmọ wà. Màá wá gbọ́."

Ó sì sọ ọ́ níbi àsàlàátù ọjọ́ Sunday náà. Ó yíjú sí àwọn ọmọbìnrin tó pọnmọ, ó ní, "Bí ọmọ bá ń ké tó ń yíràá, tí ara yín kò gbà á mọ́, ẹ gbé e síbi tí kò ti ní farapa, kí ẹ bọ́ síta, kí ẹ ké pe ènìyàn. Ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín. N kò sọ ọ́, ẹ wo ohun tí mo ṣe. Ẹ bá mi bẹ Christianah." Aishat, tó jókòó láàárín àwọn ìyá náà, dìde níwájú, ó di ọmọ tuntun mọ́ àyà, ó fa Usamah lọ́wọ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀ kọjá, kò wò ó. Àfúsá rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó wólẹ̀ síwájú Christianah. Christianah jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó wá fà á dìde.

"Mo ti dárí jì yín, Màmá," ló wí. "Ẹ má wá sílé mi mọ́."