Irọ́ tí Mo Sọ sínú Rédíò Lẹ́bàá Odò

Dókítà ní mi ò ní rí ọdún tuntun, nítorí náà òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Èmi Clive Ormerod, ọlọ́pàá ni mí tẹ́lẹ̀ ní Calderby, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi àti Gwen Tattersall ni wọ́n yàn láti máa tẹ̀lé àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa. Lójú tèmi, jàǹdùkú ni gbogbo wọn. Gwen ní tirẹ̀ mọ orúkọ wọn, ó mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á pariwo, "Gwen wa, wá jẹ páì!" Bí wọ́n bá rí èmi, "Ojú kíkorò dé o! Ẹ gbé mílíìkì pamọ́, kó má bàa kan!" Gwen náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń ta mí bí ata. Ọ̀gá wa tún wá sọ lójú gbogbo ènìyàn pé, "Clive, lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Gwen." Èmi tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́!

Ní Sátidé kan lọ́dún 1993, Gwen bá Norris Birtwell, apínlẹ́tà tó jẹ́ olórí àwọn alátìlẹ́yìn náà, ṣàdéhùn: "Ẹ gba ẹ̀bá odò lọ sí pápá, ẹ máa kọrin yín. Ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin kankan ò ní yọ yín lẹ́nu." Norris ní, "Tó bá ti ẹnu ẹ jáde, ọmọ mi, ó ti tó." Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n fi orúkọ Gwen sínú orin. Orúkọ Gwen! Ara mi gbóná. Mo gbé rédíò sẹ́nu: "Wọ́n ti ń ju ìgò! Ẹ kó ẹṣin bọ̀!" Kò sẹ́ni tó ju nǹkan kan. Mo sì mọ̀ pé ọ̀nà yẹn há. Ẹṣin ya dé. Norris na ọwọ́ méjèèjì láti dáàbò bo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹṣin sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́. Gwen ló ń wò, kò wo èmi. Ó ní, "Gwen, ṣebí o ṣèlérí fún wa."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, Gwen bi mí pé, "Clive, ìgò wo lo rí?" Mo ní, "Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ lò ń bá ṣeré, báwo lo ṣe fẹ́ rí i?" Wọ́n gba irọ́ mi gbọ́, wọ́n ní àdéhùn Gwen ló fa gbogbo rẹ̀, wọ́n lé e níṣẹ́, wọ́n sọ mí di sájẹ́ǹtì. Inú mi dùn, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, inú mi dùn!

Norris ti kú. Lánàá mo ránṣẹ́ pe Edna ìyàwó rẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Gbogbo ìgbà ni Gwen ń kí wa lójú ọ̀nà. A ò dá a lóhùn rí." Ó dìde, ó lọ. Gwen, jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ẹ̀yin ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, bí aráàlú bá fẹ́ràn ẹnìkejì yín jù yín lọ, ẹ bi í bó ṣe ṣe é. Èmi ò bi í rí.