Fóònù tí n kò tàn ní agogo méjìlá

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti rẹ̀ mí. Gbogbo ìrẹ́jẹ tí wọ́n ṣe fún mi ní Bouaké yìí, ní Côte d'Ivoire, ni mo ti kọ lẹ́tà lé lórí: ọlọ́pàá tó fa ìwé ìbí mi ya níṣojú mi, akọ̀wé yunifásítì tó yọ orúkọ mi kúrò nítorí pé Anago, ìyẹn Yorùbá, ni mí, bẹ́ẹ̀ ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀kan ṣoṣo ni n kò kọ rí. Èmi ni mo ṣe é. Ìbéèrè tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Lásísì, ń ta kẹ̀kẹ́ àti táyà rẹ̀ ní àdúgbò Commerce. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ivoirité, pé ta ni ọmọ Côte d'Ivoire gidi, gbóná, tí ọjà kò tà, tí iná sì lè lọ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, fóònù kan ṣoṣo la ní nílé. Ọwọ́ mi ló wà. Réseau, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kì í dúró, mo sì mọ̀ pé fóònù tó bá ń wá réseau kiri láìrí i máa ń tètè jẹ bátìrì tán. Ni mo bá ṣòfin: a ó máa tàn án ní agogo mẹ́fà àárọ̀, méjìlá ọ̀sán àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Pròfẹ́sọ̀, ṣé fóònù náà ń gbààwẹ̀ ni?" Ṣùgbọ́n ó gbà.

Lọ́jọ́ tó lọ ra ọjà ní Abidjan, ó gbàgbé carte de séjour rẹ̀, káàdì ìgbélùú tí ọlọ́pàá máa ń béèrè, sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Ìlà kan ló kù lára bátìrì. Olùkọ́ mi kan ní Cotonou ti ní òun á pè mí ní mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nítorí ààyè tí mo ń wá ní yunifásítì níbẹ̀. Inú sì ń bí mi sí Bùrọ̀dá: lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó fi odindi ìlà kan bá oníbàárà ṣàwàdà. Agogo méjìlá lù. Mo wo fóònù náà. N kò tàn án.

Olùkọ́ mi pè ní ìrọ̀lẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó ní kò sí ààyè.

Ní ọjọ́ kẹta, awakọ̀ kan wá sọ fún wa pé àwọn ọlọ́pàá ti mú Bùrọ̀dá lọ́nà. Mo mú káàdì náà, mo sáré lọ bá a ní àgọ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí etí rẹ̀ òsì.

"Wọ́n ní kí n pe ẹnì kan ṣoṣo," ó ní. "Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di agogo méjìlá, pé àbúrò mi kì í yẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín, mo ní kí wọ́n ṣáà dúró. Kí ló dé tí kò wọlé?"

"Ẹ má bínú, Bùrọ̀dá. Kò sí réseau rárá."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn," ó ní.

Mo kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin sí yín nípa rẹ̀. Ohun tí mo kọ nípa àwọn ọlọ́pàá, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo kọ nípa réseau, irọ́ ni. Àwọn èèyàn wa ní mọ́ṣáláṣí kí mi kú iṣẹ́. Etí náà kò gbọ́ràn mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin Bùrọ̀dá bi bàbá rẹ̀ pé kí ló ṣe é létí. "Réseau ni," Bùrọ̀dá ní. "Bi bàbá ẹ kékeré, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀." Ọmọ náà wò mí. Mo tẹjú mọ́ oúnjẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ọlọ́pàá ló lù ú, kì í ṣe èmi. Mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi títí ó fi sú mi. Oníkálukú wa ti ní fóònù tirẹ̀ báyìí, bátìrì sì ń kún lójoojúmọ́, síbẹ̀ agogo méjìlá géérégé ni Bùrọ̀dá ṣì máa ń pè mí. Á gbé fóònù sí etí ọ̀tún, á ní, "Pròfẹ́sọ̀, ṣé réseau wà?" Èmi náà á ní, "Ó wà, Bùrọ̀dá."

Lọ́la, á tún pè. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?