Kabúrétọ̀ Tó Gbé Bàbá Wa Dìde Lórí Ibùsùn

Àláhù Àkíbárù! Ẹ̀yin èèyàn mi nínú àsàlátù yìí, ẹ bá mi wí i kí òrùlé mọ́sálásí gbọ́: Àláhù Àkíbárù! Mo dúpẹ́. Mo tún ọpẹ́ dá. Ẹkún ni mo sun títí, ẹ̀rín ni mo gbé wá síbí lónìí.

Èmi ni Rísíkátù, ọmọ Bàbá Olóbì ní Igbein. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bàbá mi, ẹ mọ sùkútà wọn náà, àlùpùpù kékeré aláwọ̀ ewé yẹn, èyí tí wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ kí wọ́n tó dà á sínú táǹkì. Èéfín rẹ̀ á ti kí yín kí Bàbá tó kí yín. Òun ni wọ́n fi ṣòwò obì tọ́ gbogbo wa. Láti Igbein dé Kọ́bapẹ́, kò sí olóko obì tí kò mọ ìró rẹ̀.

Lásìkò òjò tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru dá Bàbá dùbúlẹ̀. A gbé wọn lọ sí ọsibítù, Ọlọ́run gbọ́ àdúà, ara wọn yá. Àmọ́ òjò ti pa sùkútà. Lọ́jọ́ tí Bàbá ní àwọn fẹ́ gùn ún, kò jí. Kàmọ́rù, mẹkáníìkì wa, tú u wò. Ó ní kabúrétọ̀ ni, ìyẹn ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Bó ṣe ní kóun yọ ọ́ báyìí, ó kán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bàbá wo irin náà, wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ó parí náà nìyẹn." Wọ́n wọlé, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yin ará, wọn ò dìde mọ́! Bá a bá gbé oúnjẹ dé, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á tì í sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi Mùfú, tó ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, ní, "Bàbá, ẹ sinmi. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Màá gba dírẹ́bà fún yín." Èmi náà ní, "Ẹ sinmi, Bàbá." Àwọn ará ilé ní, "Ẹ sinmi, Bàbá." Wọ́n sì ń sinmi lóòótọ́. Wọ́n ń sinmi lọ sí ọ̀run lójú wa!

A tún gbé wọn lọ bá dókítà ní Ìbarà. Ó yẹ̀ wọ́n wò tán, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀jẹ̀ ríru ti lọ sílẹ̀. Ohun tó ń ṣe Bàbá kọjá oògùn. Kí ni wọ́n máa ń ṣe kí àìsàn yìí tó dé?"

Mo ní, "Dókítà, sùkútà ni."

Ó ní, "Ẹ lọ tún un ṣe."

Ẹ gbọ́ oògùn tí wọ́n kọ fún mi!

Mo wá kabúrétọ̀ káàkiri Abẹ́òkúta. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta pàátì gbé ti ọ̀kadà fún mi, ó ní, "Àlàájà, gbogbo ẹ̀ náà ló ń fa epo." A gbé òun àti sùkútà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kàmọ́rù, a dè é mọ́ ọn. Ó wúkọ́, ó tú èéfín, àwọn ará àdúgbò ń pariwo iná. A yọ ọ́. Kàmọ́rù ní ká dán ti jẹnẹrétọ̀ kékeré wò, torí pé òun náà, wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Ìyẹn jí! Mo ti ń jó. Ìgbà tí Kàmọ́rù gùn ún dé ẹsẹ̀ òkè àdúgbò wa, sùkútà ní òun ò gun òkè. Ewúrẹ́ kọjá lára Kàmọ́rù, ewúrẹ́ tún bojú wẹ̀yìn wò ó. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, ẹkún ni mo sun délé lọ́jọ́ náà.

Gbogbo èyí, a ò jẹ́ kí Bàbá gbọ́ sí i. Ẹ ṣáà mọ bá a ṣe ń ṣe sí àwọn àgbà wa: "Ẹ má sọ fún wọn o, kí wọ́n má baà máa ronú."

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé fún wọn. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ju báàgì mi sílẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Kabúrétọ̀ méjèèjì wà nínú rẹ̀, mo fẹ́ lọ dá wọn padà fún àwọn tó tà wọ́n fún mi. Bàbá fa imú. Wọ́n ní, "Kí ló ń rùn bí epo bẹntiróò?"

Àláhù Àkíbárù! Wọ́n yíjú kúrò lára ògiri!

Irọ́ ti dé ẹnu mi, Ọlọ́run ò jẹ́ kí n pa á. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Kó wọn wá." Mo kó wọn fún wọn. Wọ́n ní, "Gbé mi jókòó." Mo gbé wọn jókòó. Wọ́n ti ìka ọmọńdinrín wọn bọ ẹnu ti ọ̀kadà, ìka ń jó nínú rẹ̀. Wọ́n tì í bọ ti jẹnẹrétọ̀, kò wọlé. Wọ́n pòṣé.

"Rísì, ta ló rán yín níṣẹ́ yìí? Ẹnu ti sùkútà mi gba ọmọńdinrín mi ṣinṣin. Ìka yìí ni mo fi ń nù ún láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Kí ló dé tẹ́ ò bi mí?"

Mo ní, "Bàbá, a fẹ́ kẹ́ ẹ sinmi ni."

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé ife ẹ̀kọ lé wọn lọ́wọ́. Bàbá mu ẹ̀kọ náà tán, wọ́n ní kí n bù sí i!

Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ tí ọ̀rẹ́ mi Bàbá Tìmótì máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ní Kọ́bapẹ́, tó fi ń fọ́n oògùn sí kòkó, òun náà ń lo ọ́ìlì mọ́ epo. Mo rò pé ẹnu tiẹ̀ á bá tèmi mu." Mo ní màá rán Kàmọ́rù. Wọ́n ní, "Ṣé Kàmọ́rù ló ni ọmọńdinrín mi ni?" Bàbá tí kò fẹsẹ̀ ara wọn kọjá ìloro fún ìgbà pípẹ́ wọ bùbá, wọ́n dé fìlà, wọ́n ní kí n wá lọ wa mọ́tò, a sì mú Kàmọ́rù dání.

Bá a ṣe dé Kọ́bapẹ́, Bàbá Tìmótì ju àdá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Olóbì! Wọ́n ní o ti ń kú lọ!" Bàbá ní, "Àwọn ọmọ mi ló fẹ́ fi ìsinmi sin mí, mo ti bọ́ lọ́wọ́ wọn." Ẹ̀rọ kan tó ti dákẹ́ wà nílé rẹ̀. Kàmọ́rù tú kabúrétọ̀ ara rẹ̀. Bàbá ti ìka bọ̀ ọ́. Ó wọlé, ó ṣe ṣinṣin! Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, omijé bọ́ lójú mi. Bàbá Tìmótì ní ká máa mú un lọ.

A padà dé ṣọ́ọ̀bù Kàmọ́rù, ó fọ̀ ọ́, ó dè é mọ́ sùkútà. Bàbá fẹsẹ̀ tẹ sùkútà. Gbí! Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Gbí! Wọ́n ní, "Bísímílàhì," wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Pẹ́pẹ́pẹ́pẹ́pẹ́! Wọ́n gun òkè yẹn lọ, wọ́n gùn ún bọ̀, àwọn èèyàn ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń pè wọ́n, "Bàbá Olóbì! Bàbá Olóbì!" Mo forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run nínú eruku níbẹ̀. Nígbà tí dókítà rí wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ o, kẹ́ ẹ sì rọra máa sáré."

Ẹ̀yin tí àgbà kan ti dákẹ́ nínú ilé yín, ẹ má bọ́hùn. Ẹ lọ bá wọn, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n mọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Ọlọ́run tó fi òórùn epo pe Bàbá mi padà mọ ohun tó máa fi pe tiyín. Ẹ ṣé, Ọba tí kì í sùn. Ẹ ṣé gan-an ni.

Bàbá ń dúró dè mí níta báyìí. Mo ní ká jọ wọ mọ́tò mi délé, wọ́n ní mọ́tò mi ń falẹ̀, ẹ̀yìn àwọn lórí sùkútà ni kí n gùn. Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àdúà sìn mí délé o!