Èmi Ni Mo Ń Ba Iṣẹ́ Àárọ̀ Ìyàwó Wa Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi. Èébú tọ́ sí mi, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ti gbé mì láti ìgbà tí Tóyìn wà ní kékeré ti dé ọ̀fun mi báyìí, tí n kò bá sọ ọ́ jáde, ayé ọmọ ọlọ́mọ ló máa bàjẹ́.

Tóyìn ni ọmọ àbúrò mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ẹbí ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ń bọ̀ nílé wa ní Ègbẹ́dá. Wọ́n fẹ́ bèèrè bóyá lóòótọ́ ni ìyá rẹ̀ ya wèrè. Ẹ mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe nìyẹn, a kì í fẹ́ ọmọ láì wádìí. Èmi tí mo jẹ́ àgbà ilé ni wọ́n máa bi. Èmi náà sì ni mo fi wèrè yẹn sórí ìyá rẹ̀.

Mo di ilémoṣú nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ọkọ mi ní n kò bímọ fún òun, ó lé mi. Àbúrò mi ọkùnrin, tí mo pọ̀n dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú, ló ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ègbẹ́dá ìgbà náà, ilé ò tíì pọ̀. Tí òjò bá rọ̀, ẹ ó bọ́ bàtà sọ́wọ́ kí ẹ tó dé ojú títì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Mo ń se, mo ń fọ̀, mo ń gbálẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n nílò mi.

Àbúrò mi wá gbé ìyàwó. Ará Èkìtì ni, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà Ìdímù. Obìnrin tó mọ́, tó ní ọ̀wọ̀. Àǹtí mi ló ń pè mí, kò sì jókòó kí mi rí. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ̀ mí: kì í jẹ́ kí iṣẹ́ dúró dè é.

Kó tó lọ sílé ìwé láàárọ̀, á ti nu gíláàsì àtùpà, á ti rọ kẹrosíìnì sínú sítóòfù nígbà tó ṣì tutù, á ti gbé ọbẹ̀ kaná kó má bàa kan, á ti fi ọṣẹ pa ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, á rẹ ẹ́ sómi. Wéré báyìí ni. Á ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Lóòótọ́, ilẹ̀ tútù ló ń tẹ̀. Tó bá fi máa dé lọ́sàn-án, ẹ̀bà ló kù kó tẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, òun àti ọkọ rẹ̀ á jókòó sí bàráńdà, á máa máàkì ìwé àwọn ọmọ, wọn á máa rẹ́rìn-ín.

Èmi ńkọ́? Mo bá mú ìgbálẹ̀, wọ́n ti gbálẹ̀. Mo bá gbé korobá, omi ti kún dúrọ́ọ̀mù. Àbúrò mi á ní kí n jókòó jàre, kí n sinmi. Ó rò pé oore ló ń ṣe fún mi. Ẹni tí kò lọ́kọ, tí kò lọ́mọ, tí kò tún níṣẹ́ nínú ilé tó ń gbé, kí ni wọ́n fẹ́ máa tìtorí ẹ̀ bọ́ ọ? Ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ẹ̀rù yẹn ni mo sọ di ìkórìíra obìnrin náà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, n kò pète rẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tan àtùpà láti wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fa òwú rẹ̀ sókè jù, èéfín bo gíláàsì, ó dúdú. Mo pa á, mo gbé e padà síbi tí mo ti gbé e. Ó sú mi láti nù ún. Nígbà tílẹ̀ ṣú, iná lọ, àbúrò mi tan àtùpà, kò ríran. Ó bá ìyàwó rẹ̀ wí gidigidi. Ìyàwó ní òun nù ún láàárọ̀. Ó gbé gíláàsì náà, ó ń yí i wò. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. N kò sọ̀rọ̀. Àbúrò mi wá yíjú sí mi, ó ní kí n bá àwọn nù ún, pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó.

Mo bá ń ṣe é lọ. Tí ìyàwó bá ti jáde tó ti kọjá kọ́nà, mo máa wọ kíṣínì. Mo máa ń da kẹrosíìnì inú sítóòfù padà sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo máa ń fi ṣíbí tí mo ti lá ro ọbẹ̀ tó gbé kaná. Tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ọbẹ̀ ti kan. Ṣẹ́ẹ̀tì tó rẹ, mo máa ń yọ ọ́ nínú omi, mo máa ń sá a sẹ́yìnkùlé, tó bá gbẹ, mo máa dá a padà sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí. Kì í ṣe lójoojúmọ́ o. Mo gbọ́n. Mo máa ń fi í sílẹ̀ díẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, kí n tó tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé sítóòfù, ó mì ín, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ìṣojú yín ni mo rọ epo sí i láàárọ̀?"

Mo wò ó lójú. Mo ní, "Kò ṣojú mi o, ìyàwó mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù ni."

Mo rò pé á fura sí mi. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bá a jà. Kàkà kó fura sí mi, orí ara rẹ̀ ló fura sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Á dé ẹnu ọ̀nà, á tún sáré padà wá wo sítóòfù. Ó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá wọn ń bínú. Ó rù kan eegun. Ó ń lọ sí ilé àdúrà kan ní Ìkòtún, ó ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run bá òun mú ìgbàgbé kúrò. Èmi ni mo máa ń po ògì tó fi ń ṣínu.

Nídìí ògì yẹn ló ti sọ àṣírí fún mi. Ó ní àbúrò bàbá òun obìnrin ya wèrè, ìgbàgbé ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ò tíì lè sọ fún ọkọ òun. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún. Ẹni tó bá ní àánú lára, ibẹ̀ yẹn ló máa dúró. Èmi ò dúró. Mo lọ sọ fún àbúrò mi.

Láìpẹ́ sígbà náà, wọ́n pe àbúrò mi fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ìgbéga. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun sílẹ̀ fún un, ó ti fi kọ́. Mo rún un, mo tì í sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n wá a títí. Ìyàwó ń búra pé òun lọ̀ ọ́. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ fà á yọ nínú ìdọ̀tí, kò bú u, kò lù ú. Ó kàn ń wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn. Ìyàwó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní bóyá kí òun tètè lọ sílé ní Èkìtì kí wọ́n lọ tọ́jú òun.

Wọn ò jẹ́ kó mú Tóyìn tó ṣì kéré dání. Ta ló máa gbé ọmọ fún ẹni tí orí rẹ̀ ò pé? Èmi ni mo sìn ín dé gáráàjì ní Ìyànà-Ìpájà. Ó kúnlẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀, lójú gbogbo èrò.

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi tọ́jú ọmọ mi. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ ò fi mí ṣẹ̀sín."

Mo fà á dìde. Mo ra búrẹ́dì fún un. Mo wá padà sílé, mo gbálẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, mo rí ohun tí mo ń wá. Mo ṣe iṣẹ́ ilé títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Àbúrò mi ò fẹ́ ẹlòmíì, kò sì jókòó sí bàráńdà rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi náà ń gbàgbé o. Sítóòfù ń gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́, ọbẹ̀ ń kan. Kò sẹ́ni tó pè mí ní wèrè. Tóyìn dàgbà sọ́wọ́ mi, Mọ́mì ló ń pè mí.

Lóṣù tó kọjá, nígbà tí àwọn ẹbí ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ wèrè lẹ́nu ará àdúgbò, Tóyìn wọkọ̀ lọ sí Èkìtì láìsọ fún bàbá rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó wá bá mi ní kíṣínì. Ó ní ìyá òun ń kọ́ àwọn ọmọdé ní lẹ́sìnnì nílé, ó mọ orúkọ gbogbo wọn. Ó ní ó rántí aṣọ tó wà lọ́rùn òun lọ́jọ́ tó kúrò nílé. Ó ní kò sí ohun tó gbàgbé, àmọ́ kì í gbà kí wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀ nídìí iná, torí ó gbà pé orí òun ò pé. Ọmọ náà wá wò mí.

"Mọ́mì, kí ló ṣe obìnrin yẹn nínú ilé yìí?"

Mo ní n kò mọ̀. Irọ́ mìíràn nìyẹn. Ó ní tó bá jẹ́ pé ó wà lẹ́jẹ̀ òun, òun ò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni, òun ò sì ní bímọ kan sílé ayé láti wá jogún rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, tí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, Tóyìn á rílé ọkọ gbé, àbúrò mi á lé mi. Mo ti dàgbà, n kò níbi tí mo máa lọ. Tí mo bá dákẹ́, mo ṣì nílé, ọmọ á wá kù sílẹ̀ bí èmi náà ṣe kù sílẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ pé mo ṣì ń rò ó. Àmọ́ mo ṣì ń rò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ ọ́ níwájú àwọn àlejò náà, àbí kí n kọ́kọ́ lọ sí Èkìtì? Ẹ má ṣàá sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, pé Ọlọ́run á dárí jì mí. Mo ti gbọ́ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan wà tó jí láàárọ̀ òní tó ń bẹ̀rù orí ara rẹ̀, kò sì tíì mọ̀ pé èmi ni.